Apá Kejì Tí Wọ́n Ní Kí N Fò

Ẹ̀yin ará, anime ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Fún àwọn òbí tí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, eré alàwòrán tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Jàpáàn ni. Òun ni ọmọ yín ń wò lórí fóònù nígbà tó bá fi aṣọ bo orí ní aago méjì òru.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo bá àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́yìn ilé ìjọsìn, wọ́n ń jiyàn kíkankíkan. Ọ̀kan ń pariwo pé kò sí èyí tó dà bíi Naruto láyé. Èkejì ní kó lọ jókòó jàre, pé ẹni tí kò bá tíì wo Fullmetal Alchemist: Brotherhood kò tíì wo nǹkan kan. Ọmọbìnrin kan tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ló dìde dúró tó ń gbèjà Attack on Titan bíi lọ́yà. Mo dúró tì wọ́n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń fi Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì là á bí àwọn ọmọ Jos ti máa ń ṣe, síbẹ̀ n kò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn eré náà sílẹ̀ fún mi. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n rò pé mo fẹ́ lọ fi ṣe ìwàásù lé wọn lórí ni, n kò sì lè bá wọn wí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo ti dúró lórí pẹpẹ bú kàtúùnù Jàpáàn láìtíì wo ẹyọ kan rí. Mo tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Ẹni tí kò tọ́ ọbẹ̀ wò kò yẹ kó sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Orúkọ mọ́kànlá ni wọ́n kọ fún mi, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ṣókí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ó gbóná." "Ẹ máa sunkún." "Ẹ ṣáà ní sùúrù títí dé ìpín kẹwàá." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Naruto, wọ́n kọ ọ́ pé "Ẹ fo fílà." Mo rò pé fìlà tí à ń dé ni. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí kí wọ́n tó ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ anime ló jẹ́ pé inú ìwé alàwòrán tí wọ́n ń pè ní manga ni ìtàn rẹ̀ ti wá, òǹkọ̀wé á sì máa kọ ìwé náà lọ bí tẹlifíṣọ̀n ti ń gbé eré jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti fẹ́ lé ìwé bá, àwọn tó ń ṣe eré á wá ìtàn mìíràn tí kò sí nínú ìwé kì í sáàárín, kí òǹkọ̀wé lè ráyè mí. Àfikún yẹn ni fílà. Naruto ní 220 ìpín, Naruto Shippuden tó tẹ̀ lé e ní 500, fílà sì pọ̀ nínú méjèèjì. Àwọn ọmọ wa mọ nọ́ńbà àwọn tí ó yẹ ní fífò lórí bí ẹni mọ ABD. Ọgbọ́n ni o, pàápàá fún ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ra dátà.

Orúkọ kọkànlá ni Vinland Saga. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ ọ́: "Pásítọ̀, apá kìíní nìkan ni kí ẹ wò. Apá kejì, oko ni wọ́n kàn ń ro níbẹ̀. Fílà ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí.

Mo wo ìwọ̀n tí mo lè wò nínú mọ́kànlá náà. Ohun tó kọ́kọ́ hàn sí mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀san ló kún inú wọn. Ẹ wo Sasuke nínú Naruto: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pa ìdílé wọn run, ó sì fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ lépa ẹ̀gbọ́n náà. Ẹ wo Scar nínú Fullmetal Alchemist: àwọn ọmọ ogun ìjọba pa àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ishval, ó sì ń wá àwọn tó mọ̀ sí i pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Attack on Titan, ìṣojú Eren ni òmìrán kan ṣe jẹ ìyá rẹ̀, ó sì búra pé òun á pa gbogbo òmìrán tán. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Àwọn ọmọ tí a tọ́ ní Jos ni wọ́n yan àwọn eré wọ̀nyí fún ara wọn. Ìlú yìí rí 2001, ó rí 2008, ó tún rí 2010. Agbo ilé díẹ̀ ló wà láàrin wa tí kò ní ìtàn tí àwọn àgbà kì í sọ tán níwájú ọmọdé. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá lọ ń wá eré tí ẹnì kan ti ń lépa ẹni tó pa bàbá rẹ̀, kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ orúkọ kọkànlá yẹn, bàbá rẹ̀ jáde lọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2010, kò sì padà wálé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Ó gbà kí n kọ èyí, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa eré náà fúnra rẹ̀. Makoto Yukimura ló ni ìtàn Vinland Saga, 2005 ló sì bẹ̀rẹ̀ ìwé alàwòrán rẹ̀. Apá kìíní eré náà jáde ní 2019, èkejì ní 2023, 24 ìpín sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ Wit Studio ló ṣe ti àkọ́kọ́, MAPPA ló ṣe èkejì, ṣùgbọ́n olùdarí kan náà ni, Shuhei Yabuta. Ará Jàpáàn ni gbogbo wọn, àmọ́ ìtàn náà kì í ṣe ti Jàpáàn. Ìtàn àwọn Viking ni, àwọn ará àríwá Yúróòpù tó ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ kó ìlú onílùú ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Thorfinn tí ìtàn dá lé lórí wà nínú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Iceland, Canute sì jẹ ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, láti 1016.

Thors, bàbá Thorfinn, jẹ́ akọni tó sá kúrò nínú ogun jíjà, tó lọ ń gbé jẹ́ẹ́ ní Iceland pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ méjì. Ó ń kọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé ọmọ. Nígbà tó yá, àwọn tí Thors sá fún rí i, wọ́n bẹ Askeladd, olórí ẹgbẹ́ ajalèlókun kan, lọ́wẹ̀ láti pa á. Thors borí Askeladd nínú ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Askeladd ti di ọmọ rẹ̀ mú, nítorí náà ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ kí wọ́n lè dá àwọn yòókù sí. Wọ́n ta á lọ́fà pa. Ojú ọmọ ló ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni Thorfinn ti ń tẹ̀ lé Askeladd kiri. Ibí yìí ni mo ti dìde jókòó. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ọmọ yìí fi ń jẹun nídìí iná ẹni tó pa bàbá rẹ̀. Ó ń bá a jagun, ó ń bá a kó abúlé, ó ń pa bàbá àwọn ọmọ ẹlòmíràn, nítorí Askeladd ti ṣèlérí pé bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí òun rán an dáadáa, òun á fún un láyè kí àwọn méjèèjì jọ jà lójúkojú. Ó jà, ó pàdánù. Ó tún lọ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀san ti wá di owó oṣù tí ọ̀gá fi ń dá ọmọ iṣẹ́ dúró. N kò rí ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀san hàn báyìí rí, bí ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ lè dì mú, kó máa fi fà ọ́ kiri bí ewúrẹ́.

Apá kìíní dára, mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ní ẹ̀sùn kan sí i. Ó fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ jù. Wọ́n ya ìjà débi pé ẹ̀jẹ̀ tó ń tú sórí yìnyín di ohun ẹwà, ẹnikẹ́ni tó bá ń wò ó á máa fẹ́ sí i. Èmi náà fẹ́ sí i. Ní nǹkan bí aago kan òru, ìyàwó mi jí, ó bi mí pé kí ló dé tí mo ń sọ̀rọ̀ sí fóònù. "Pa á!" ni mo ń wí. Èmi tí mo fẹ́ dìde ní aago márùn-ún lọ darí àdúrà òwúrọ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn gún Askeladd pa, mo sì fẹ́ẹ́ rí i pẹ̀lú ojú mi.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí apá kìíní, Askeladd pa ọba nítorí ọ̀ràn tirẹ̀, Canute tó jẹ́ ọmọ ọba sì gún Askeladd pa níwájú gbogbo èèyàn. Ṣáájú ìgbà náà, Askeladd ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún Thorfinn. Òun náà ti gbẹ̀san rí. Ó pa bàbá tó bí i, nítorí ìyà tí bàbá náà fi jẹ ìyá rẹ̀. Ibi tí ẹ̀san náà gbé e dé nìyí, olórí àwọn olè. Thorfinn gbọ́, kò gbà. Nígbà tí Askeladd kú tán, ó bú sí igbe bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ẹni tó ń tìtorí rẹ̀ jí lójoojúmọ́ ti lọ, kì í sì í ṣe òun ló pa á. Ó fi ọ̀bẹ kọ lu Canute, wọ́n dì í mú, wọ́n sì tà á lẹ́rú.

Ibẹ̀ ni ọmọ tèmi dúró. Ibẹ̀ ló ní kí èmi náà dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ọ̀rọ̀ fílà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Apá kejì kì í ṣe fílà. Inú ìwé Yukimura gan-an ló wà. Kì í ṣe àwọn ọmọ Jos nìkan ló sì ń fi í ṣẹ̀sín. Káàkiri ayé ni àwọn tó fẹ́ràn anime ti sọ ọ́ ní orúkọ àwàdà, pé ìtàn oko ni. Ohun tí wọ́n ń sọ kò jìnnà sí òótọ́. Thorfinn di ẹrú lóko Ketil ní Dẹ́ńmáàkì. Ó bá ẹrú mìíràn pàdé níbẹ̀, Einar, àgbẹ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ajagun ti ba ìdílé rẹ̀ jẹ́. Ketil ní kí wọ́n ṣán igbó kan, kí wọ́n gbin àlìkámà sí i, pé bí wọ́n bá rí i tà, wọ́n lè fi ra ara wọn padà. (Ó rán mi létí ìwọ̀fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú.) Ìpín lẹ́yìn ìpín, igi ni wọ́n ń gé. Wọ́n ń hú kùkùté. Wọn kò ní ẹṣin, wọ́n lọ bá bàbá àgbàlagbà kan, ó ní kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ fún òun kí òun tó yá wọn. Àlìkámà hù. Inú Einar dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹni tó bá ti wá nítorí ìjà á sùn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi gígé yẹn. Einar ni ọmọ tí wọ́n pa ìyá rẹ̀. Thorfinn ni ẹni tó ti ń pa ìyá ọlọ́mọ kiri. Ilé kan náà ni wọ́n ń sùn, igi kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ní apá kìíní, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni Thorfinn, àwa tí à ń wò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Ní apá kejì, òun ló di Askeladd ẹlòmíràn. Bí a kò bá wo èyí, a ò lóye pé a ti ń pàtẹ́wọ́ fún apààyàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìpín kẹsàn-án, lẹ́yìn tí àwọn aláìdáa kan ba àlìkámà wọn jẹ́ tí ìjà sì bẹ́, Thorfinn dákú, ó sì lá àlá. Ó bá ara rẹ̀ nínú ọ̀gbun kan tí àwọn òkú jagunjagun ti ń pa ara wọn láìdáwọ́ dúró. Àwọn tó ti pa rọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Askeladd wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì sọ fún un pé kó kó wọn rù, kó gùn jáde. Thorfinn jí, ó sì búra pé òun kò ní í fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo wa la mọ òwe tó ní fi oró ya oró ni kì í jẹ́ kí oró tán. Èmi gan-an ti pa á nínú ìwàásù, bóyá nígbà ogún. Ohun tí òwe náà kò sọ ni iye tí yóò ná ẹni tó bá kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Eré yìí sọ ọ́. Nígbà tí Canute tó ti di ọba wá gba oko Ketil, Thorfinn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kò ṣeé ṣe, àfi bó bá lè dúró gba ẹ̀ṣẹ́ 100 lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin gìrìwò kan. Ó dúró. Ó gbà á tán. Ọmọ tó lè fi ọ̀bẹ méjì gún ẹni náà pa kó tó ju ẹ̀ṣẹ́ kìíní ni o.

Mi ò sọ pé apá kejì kò lábùkù. Ọ̀rọ̀ Thorfinn àti Canute yanjú wẹ́rẹ́ jù fún mi. Ọba tó ti kó ogun dé kì í sábà padà lẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n tún fi Ketil hàn bí ọ̀gá rere fún ìgbà pípẹ́ débi pé ẹni tí kò bá fura á rò pé ìwà ẹrú kò burú tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún un ṣe, ó sì dunni: Arnheid, ẹrúbìnrin tó lóyún fún Ketil, Ketil fi igi nà án nítorí ó ran ọkọ rẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́ láti sá, ó sì ti ibẹ̀ kú. Ìbúra Thorfinn kò gbà á là. Mo bọ̀wọ̀ fún òǹkọ̀wé tí kò parọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o: nítorí Arnheid, àti nítorí ẹ̀jẹ̀ apá kìíní, eré yìí kì í ṣe ti ọmọ kékeré. Pé ó jẹ́ àwòrán kò sọ ọ́ di ti ọmọdé.

Ẹ̀dùn ọkàn mi wà lórí bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń júwe nǹkan fún ara wọn. "Ó gbóná" kò tó. Ata náà gbóná. Ẹni tó bá ní kí n wo apá kìíní, kí n fo èkejì, ata ló fún mi, ó sì gbé ọbẹ̀ pa mọ́. Gbogbo ìyà tí wọ́n fi jẹ Thors, ìdí rẹ̀ kò hàn títí ọmọ rẹ̀ fi gbé àáké lóko Ketil. Lójú tèmi, ẹni tó bá júwe eré fún ọ̀rẹ́ yẹ kó sọ ibi tí eré náà ń lọ, kó sì sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti dúró àti ìdí tí òun fi dúró síbẹ̀.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́yìn ìpàdé ọ̀dọ́. Mo bi í bóyá ó wo apá kejì tán kó tó sọ pé fílà ni.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú. Ìpín méjì péré ni mo wò."

"Kí ló dé tí o fi dúró?"

Ó dákẹ́ pẹ́. "Kai, Pásítọ̀. Ó kàn ń wo ilẹ̀ ṣáá ni. Wọ́n pa bàbá ẹ̀, ó wá ń gé igi. Inú bí mi sí i."

N kò ṣàlàyé àlá inú ọ̀gbun fún un, n kò sì sọ ti ẹ̀ṣẹ́ 100. Mo gba ìwé orúkọ mọ́kànlá náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa ìlà sórí ohun tó kọ, mo sì kọ tèmi sí i: Ó lọ́ra. Ó dunni. Má dúró kó o tó dé ìpín kẹsàn-án, bí o bá sì débẹ̀, wá bá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó lọ, ó dúró dè mí títí gbogbo èèyàn fi lọ tán. Ó ní òun ti dé ìpín kẹsàn-án láti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí òun ṣe fẹ́ sọ ọ́. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó bi mí bóyá àwọn tó ṣe ti 2010 náà máa ń lá irú àlá yẹn. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun fẹ́ wo ìyókù, pé dátà òun ti tán. Mo fún un lówó.